Kọmíṣánnà Tí Ará Ìlú Ń Dìbò Yàn: Àlàyé lórí Dídu Ipò Káúńtì ní Texas

Bí Yorùbá kan tí ó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo bá dé ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sì gbọ́ pé aládùúgbò rẹ̀ ń du ipò kọmíṣánnà, ó ṣeé ṣe kí ó rò pé etí òun ni kò gbọ́ dáadáa. Ní ilé, kọmíṣánnà kì í gbégbá ìbò. Gómìnà ni ó ń yàn án, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ a sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá tún sọ fún un pé adájọ́ káúńtì ni alága ìgbìmọ̀ tí ń pín owó ọ̀nà àti owó ọgbà ẹ̀wọ̀n, pé kóòtù tí àwọn kọmíṣánnà ń jókòó sí kì í gbọ́ ẹjọ́ kankan, àti pé kọ́ńsítébù, tí òun mọ̀ sí ọlọ́pàá tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ, jẹ́ ẹni tí ará ìlú ń dìbò fún, ọ̀rọ̀ náà a di àdììtú.

Àdììtú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè lásán. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi ojú ìṣèlú Nàìjíríà wo ìwé ìbò Amẹ́ríkà. A ó dìbò fún ààrẹ ní òkè ìwé náà, bóyá fún gómìnà pẹ̀lú, a ó sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí pé orúkọ ipò tí ó wà níbẹ̀ kò yé wa. Bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tí ń pinnu ìdá owó orí tí káúńtì ń gbà lórí ilé wa wà, pẹ̀lú àwọn tí ń tún ọ̀nà tí ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, àti àwọn tí ń ṣàkóso àtìmọ́lé tí wọn yóò gbé ọmọ ẹni lọ bí ọlọ́pàá bá mú un lóru.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń du ipò káúńtì ní Texas, pàápàá ní Harris, níbi tí ìlú Houston wà, àti ní Fort Bend tí ó bá a pààlà. Ìdí tí mo fi mú ibẹ̀ ni pé àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ìdí kejì ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀ lórí káúńtì. Ẹni tí ó ń gbé ní Maryland tàbí Georgia kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ àti iye owó tí mo bá dárúkọ níhìn-ín ṣe atọ́nà. Ohun tí ó lè bá gbogbo wa mu ni ọ̀nà ìrònú tí ó wà lẹ́yìn òfin náà.

Orúkọ àti ohun tí ó ń jẹ́

Káúńtì lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà. Louisiana ń pe tirẹ̀ ní parish, Alaska ń pè é ní borough, Connecticut sì ti fagi lé ìjọba káúńtì láti ọdún 1960. Texas nìkan ní 254, kò sì sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó ní tó bẹ́ẹ̀. Títóbi wọn kò bára mu rárá. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 64 péré ni wọ́n kà ní káúńtì Loving ní ìwọ̀-oòrùn Texas; Harris ní 4,731,145.

Àwọn olùkọ́ èdè kan ń túmọ̀ káúńtì sí ìjọba ìbílẹ̀. N kò lè sọ pé wọ́n ṣì í pátápátá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà ń gbé òjìji tí kò tọ́ wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin Nàìjíríà dárúkọ. Àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó wọn ti ń wá, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ni ó sì ń dìbò wọn, èyí tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ gómìnà máa gba ipò gbogbo bí ẹni ń kó ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ owó náà le débi pé ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn ní tààràtà, kí ó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Káúńtì Texas kò dúró de owó Washington bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bu owó orí lé ilé àti ilẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ni ó sì ń pinnu ìdá rẹ̀ lọ́dọọdún, ní gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni lè dìde sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà: káúńtì.

Ìgbìmọ̀ ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní kóòtù àwọn kọmíṣánnà. Ènìyàn márùn-ún ni: kọmíṣánnà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣojú ẹkùn kan, àti adájọ́ káúńtì tí gbogbo káúńtì dìbò yàn. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni sáà wọn. Ní àwọn káúńtì kéékèèké, adájọ́ náà ṣì máa ń gbọ́ ẹjọ́ díẹ̀. Ní Harris àti Fort Bend, iṣẹ́ alákòóso ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé òfin Texas kò tilẹ̀ béèrè pé kí ó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ohun tí ó béèrè kò ju pé kí ó ní ìmọ̀ tó yè kooro nípa òfin ìpínlẹ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ipò kékeré ni. Bí a bá pín ènìyàn Harris sí ọ̀nà mẹ́rin, kọmíṣánnà kan ń ṣojú nǹkan bí ènìyàn 1,180,000, nígbà tí ọmọ ilé aṣòfin kan ní Washington ń ṣojú nǹkan bí 761,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola pa ará Làìbéríà kan ní Dallas, adájọ́ káúńtì náà, Clay Jenkins, ni ó ń darí ètò pàjáwìrì, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wa ọkọ̀ tí ó gbé ìdílé tí aláìsàn náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn kúrò nínú ilé tí wọ́n sé wọn mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn ìkún-omi Harvey, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àwọn olùdìbò Harris fọwọ́ sí i kí káúńtì yá bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là láti fi dènà omíyalé. Kóòtù àwọn kọmíṣánnà ni ó ń pinnu odò tí wọn yóò kọ́kọ́ gbẹ́ àti àdúgbò tí yóò dúró de ọdún tí ń bọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Àdírẹ́sì púpọ̀ ní Fort Bend ní orúkọ Richmond tàbí Katy nínú, ṣùgbọ́n ilé náà kò sí nínú ìlú kankan. Kò ní olórí ìlú, kò ní káńsù. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kọmíṣánnà káúńtì ni ìjọba tí ó sún mọ́ ọn jù lọ fún ọ̀nà àti afárá, ṣẹ́rífù tàbí kọ́ńsítébù sì ni yóò wá bí olè bá jà.

Àwọn ipò yòókù pọ̀: akọ̀wé káúńtì tí ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó, agbẹjọ́rò ìjọba, akápò, àwọn adájọ́ kéékèèké àdúgbò. N kò ní tò wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba agbowó-orí. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì Texas, ọ́fíìsì agbowó-orí náà ni ó ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀. Ó ṣàjèjì, àbí? Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà kan rí, ẹni tí ó bá fẹ́ dìbò ní Texas ní láti san owó orí ìbò, rìsíìtì owó náà sì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òfin náà jẹ́ àtẹ̀mọ́lẹ̀ fún tálákà, pàápàá fún àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn ará Mẹ́síkò. Àtúnṣe ìwé òfin ọdún 1964 fòpin sí i nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ sì pa á rẹ́ nínú ti ìpínlẹ̀ ní ọdún 1966. Owó náà lọ, ọ́fíìsì náà kù.

Àwọn tí wọ́n ti du ipò yìí ṣáájú wa

Ẹni tí ó bá fẹ́ du ipò ní Fort Bend yẹ kí ó mọ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Ní ọdún 1869, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ará Fort Bend dìbò yan Walter Moses Burton gẹ́gẹ́ bí ṣẹ́rífù àti agbowó-orí. Wọ́n bí Burton sí oko ẹrú ní North Carolina. Ó wà lára àwọn ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ipò ṣẹ́rífù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì tún lọ sí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà yẹn, ènìyàn dúdú pọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ ní káúńtì náà, ìbò wọn ni ó sì ń gbé àwọn olóyè káúńtì wọlé fún nǹkan bí ogún ọdún.

Àwọn aláwọ̀ funfun tí inú wọn kò dùn sí èyí kó ara wọn jọ, wọ́n sì fi orúkọ ẹyẹ kan, Jaybird, pe ara wọn. Wọ́n lé àwọn aṣáájú ènìyàn dúdú kúrò ní ìlú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìbọn dún ní ìgboro Richmond, ìjọba tí ìbò ènìyàn dúdú gbé wọlé sì ṣubú. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún náà wá rí ọgbọ́n kan dá. Wọn kò sọ pé kí ènìyàn dúdú má dìbò ní oṣù kọkànlá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń ṣe ìdìbò tiwọn ṣáájú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, aláwọ̀ funfun nìkan ni ó sì lè kópa nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé níbẹ̀ a lọ sí ìdìbò abẹ́lé láìní alátakò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti oṣù kọkànlá. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí wọ́n fi ń yan àwọn olóyè káúńtì ní ọ̀nà yìí.

Ní ọdún 1944, nínú ẹjọ́ tí Lonnie Smith, dókítà eyín ní Houston, pè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò lè fi àwọ̀ ara dí ènìyàn lọ́wọ́ nínú ìdìbò abẹ́lé. Àwọn Jaybird dáhùn pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, pé ẹgbẹ́ àdáni ni àwọn. Àwọn ènìyàn dúdú Fort Bend, tí Willie Melton àti Arizona Fleming wà lára àwọn aṣáájú wọn, kò gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Washington, wọ́n sì borí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1953.

Mo sọ ìtàn yìí ní kíkún nítorí pé ó fi ohun kan hàn tí ó ṣì jẹ́ òtítọ́ lónìí, bí àwọ̀ ara kò tilẹ̀ sí nínú òfin mọ́: ìdìbò tí gbogbo ayé ń wò lè jẹ́ ìdìbò tí a ti parí tipẹ́. Ní ọdún 2018, K. P. George, tí a bí ní Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, di adájọ́ káúńtì Fort Bend. Ní ọdún kan náà, Lina Hidalgo, tí a bí ní Kòlóńbíà, ẹni ọdún 27, di ti Harris. Ní ọdún 2020 ni Fort Bend tún dìbò yan ènìyàn dúdú sí ipò ṣẹ́rífù, Eric Fagan, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà Burton. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba inú ìdìbò abẹ́lé kọjá.

Ta ni ó lè jáde?

Òfin Texas béèrè pé kí olùdíje jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí ó ti pé ọdún 18, kí ó ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún oṣù méjìlá àti ní ẹkùn tí ó fẹ́ ṣojú fún oṣù mẹ́fà kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ tó parí, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé olùdìbò ẹkùn náà. Ẹni tí a ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kò lè jáde àfi bí a bá ti tú u sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Kò sí ibi tí òfin ti béèrè pé Amẹ́ríkà ni kí wọ́n ti bí i. Ipò ààrẹ àti ti igbákejì rẹ̀ nìkan ni ìyẹn dè. Ẹni tí ó búra di ọmọ orílẹ̀-èdè ní ọdún tí ó kọjá lè jẹ́ adájọ́ káúńtì ní ọdún yìí bí ó bá ti pé oṣù tí òfin sọ.

Ewu kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a sọ ketekete. Ẹni tí ó ní gíríìnkáàdì kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó jáde dupò. Láti ọdún 1996, ẹni tí ó bá fi irọ́ pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà lórí ìwé ìjọba lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbẹ̀ títí láé. Nítorí náà, bí olùdíje kan bá gbé fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wá sí òde ìkómọ, tí ó ń pín in bí ìwé orin, inú rere rẹ̀ lè lé ènìyàn kúrò nílùú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí a bi olúkúlùkù bóyá ó ti búra, kí a sì bi í ní ìkọ̀kọ̀.

Ọjọ́ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Ìwé tí ó ṣáájú gbogbo ìwé ni èyí tí a fi ń yan akápò ìpolongo. Kí olùdíje tó gba kọ́bọ̀, kí ó sì tó ná kọ́bọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ káúńtì. Ó lè yan ara rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, fún ìdí tí yóò hàn láìpẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìbéèrè fún àyè lórí ìwé ìbò, tí olùdíje yóò búra sí. Ẹni tí ó fẹ́ gba inú ẹgbẹ́ òṣèlú jáde yóò gbé e fún alága ẹgbẹ́ náà ní káúńtì. Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kejìlá, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni ilẹ̀kùn ń tì, ó sì máa ń tì ní tòótọ́. Ní káúńtì tí ènìyàn rẹ̀ bá tó 200,000, owó tí a ń san fún ipò kọmíṣánnà tàbí adájọ́ káúńtì jẹ́ 1,250 dọ́là. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó lè kó ìbuwọ́lù àwọn olùdìbò jọ dípò rẹ̀. Ní ẹkùn ńlá bí ti Harris, 500 ni. Èrò tèmi ni pé ìbuwọ́lù náà sàn ju owó lọ fún ẹni tí ìlú kò tíì mọ̀, nítorí pé yóò mú un kan ilẹ̀kùn 500 kí alátakò rẹ̀ tó kan ọ̀kan, àmọ́ kí ó kó 700 jọ, nítorí pé wọn yóò já púpọ̀ sọnù fún àdírẹ́sì tí kò pé.

Kì í ṣe gbogbo ipò ni ó ń bọ́ sí ọdún kan náà. Ọdún tí a bá ń dìbò fún ààrẹ ni ti kọmíṣánnà ẹkùn kìíní àti ẹkùn kẹta. Ọdún tí a bá ń dìbò fún gómìnà ni ti ẹkùn kejì àti ẹkùn kẹrin, pẹ̀lú ti adájọ́ káúńtì.

Ìdìbò abẹ́lé ń wáyé ní oṣù kẹta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ju ìdajì ìbò lọ, àwọn méjì tí ó ṣáájú yóò tún pàdé ní oṣù Karùn-ún. Olùdìbò Texas kì í forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan; ó lè mú ìwé ìbò ẹgbẹ́ tí ó wù ú ní oṣù kẹta, kí ó má sì ti ju ẹyọ kan lọ. Ní ẹkùn tí ẹgbẹ́ kan bá ti lágbára púpọ̀, ẹni tí ó bá wọlé ní oṣù kẹta ti wọlé nìyẹn. Mo rí i pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa máa ń pe olùdíje wá kí wọn ní oṣù kẹwàá, wọn a fi fìlà dé e lórí, wọn a ya fọ́tò. Alejò tí ó dé lẹ́yìn oúnjẹ ni. Oṣù kejì ni olùdíje nílò wọn, nígbà tí ìyàtọ̀ ìbò díẹ̀ lè mú ẹnì kan dé ìdìbò oṣù Karùn-ún.

Títí di ọdún 2018, olùdìbò lè tẹ ibì kan ṣoṣo kí gbogbo ìbò rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ọdún 2020, Texas ti fagi lé e. Olùdìbò ní láti wá orúkọ kọmíṣánnà rẹ̀ rí fúnra rẹ̀, ìwé ìbò Harris sì gùn gan-an. Fún olùdíje káúńtì, èyí túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ibi tí orúkọ òun wà.

Owó, àti bí Yorùbá ṣe ń ná an

Ibí yìí ni àṣà àti òfin ti ń forí gbárí. Ní òde àríyá wa, bí a bá fẹ́ràn ẹnì kan, a ń ná an lówó níwájú onílù. Ẹni tí ó ń jó kì í wo ẹni tí ó ń ná an, ọmọdé kan ni ó ń ṣa owó sínú àpò, kò sì sí ẹni tí ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ní òde ìkówójọ ìpolongo, gbogbo èyí jẹ́ wàhálà. Òfin Texas kò jẹ́ kí olùdíje gba ju 100 dọ́là owó bébà lọ lọ́wọ́ ẹnì kan láàárín àkókò ìjábọ̀ kan. Gbogbo owó tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí ó fi í sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ó dé. Owó aṣọ ẹbí tí èrè rẹ̀ ń lọ sínú ìpolongo, owó ìpolongo ni, bí a bá tilẹ̀ pè é ní owó aṣọ.

Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òfin náà gbòòrò. Kò sí gbèdéke lórí iye tí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè fi ta olùdíje ipò kọmíṣánnà lọ́rẹ nípa sọ́wédowó. Ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò lè fi owó rẹ̀ ta á lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí òfin yọ kúrò nínú owó orí gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú kò gbọdọ̀ ṣègbè lẹ́yìn olùdíje kankan. Ó lè pe gbogbo olùdíje jọ kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, ó sì lè ran ènìyàn lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ láìṣe ojúsàájú.

Ti ẹbí tí ó wà nílé ni ó nira jù láti ṣàlàyé. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba àjèjì láyè láti fi owó kankan sínú ìdìbò Amẹ́ríkà, yálà ti ààrẹ tàbí ti kọ́ńsítébù àdúgbò. Ẹni tí ó ní gíríìnkáàdì lè fi sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè dìbò. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó kò lè fi sílẹ̀, kò sì lè fi ránṣẹ́ sí àbúrò tí ó wà ní Houston kí ìyẹn wá fi í sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Láti sọ fún àgbàlagbà tí ó rán ènìyàn ní ilé-ìwé pé “ẹ má bínú sà, a kò lè gba owó yín” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá ń sọ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí olùdíje má ṣe akápò ara rẹ̀. Kí ó wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò pa á pọ̀ mọ́ àwọn aláwìn àti àwọn olówó inú ẹbí, tí yóò lè dá owó padà láìwojú ẹnikẹ́ni. Ìjábọ̀ ìná-wó-wọlé yóò jáde ní gbangba ní oṣù kìíní àti oṣù Keje, àti ní ọjọ́ ọgbọ̀n àti ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ìdìbò tí ó bá ní alátakò. Alátakò náà yóò sì kà á ju bí ọ̀rẹ́ ṣe máa kà á lọ.

Orúkọ lórí ìwé ìbò, èdè ní ibùdó ìbò

Wọ́n máa ń sọ pé orúkọ Yorùbá gùn jù fún olùdìbò Amẹ́ríkà. N kò rí ẹ̀rí tí ó tó fún èyí. Yemi Mobolade, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí ó sì dàgbà síbẹ̀, di olórí ìlú Colorado Springs ní ọdún 2023, ní ìlú tí Yorùbá kò pọ̀ sí. Ipò ìlú ni ìyẹn, kì í ṣe ti káúńtì, ṣùgbọ́n orúkọ náà ni wọ́n kà lórí ìwé ìbò.

Texas ní òfin fún orúkọ. Olùdíje lè lo ìkékúrú orúkọ àbísọ rẹ̀ tí ènìyàn fi mọ̀ ọ́n: Olúwaṣeun lè jẹ́ Seun. Bí ó bá fẹ́ fi ìnagijẹ kún un, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, tí wọ́n ti fi ń pè é fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ gbólóhùn ìpolongo. Oyè kò wọlé. Olóyè, Dókítà, Pásítọ̀, Alhaji, gbogbo wọn yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Fún àwùjọ tí oyè jẹ́ apá kan orúkọ ẹni, ó yẹ kí a ti sọ èyí fún olùdíje àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kí ìwé ìbò tó jáde, kí wọ́n má baà máa wá Olóyè tí kò sí níbẹ̀.

Ní ti èdè, Harris ń tẹ ìwé ìbò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Spéìn, Fiẹtináàmù àti Ṣáínà. Àwọn kan ń retí pé bí Yorùbá bá ti pọ̀ tó, tiwa yóò dara pọ̀ mọ́ wọn. Òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Apá òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tí a fi kún un ní ọdún 1975 dárúkọ àwọn tí ó kàn: àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Alaska, àwọn ará Éṣíà, àti àwọn tí ìran wọn ń sọ èdè Spéìn. Kò dárúkọ Áfíríkà. Bí àwọn tí ń sọ Yorùbá bá tilẹ̀ tó 100,000 ní káúńtì kan, apá òfin náà kò kàn wọ́n. Washington ni yóò yí i padà. Káúńtì lè yàn láti tẹ èdè mìíràn fúnra rẹ̀, èyí sì jẹ́ ìbéèrè kan tí a lè bi olùdíje kọmíṣánnà.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ báyìí ni apá mìíràn tí ó dé ní ọdún 1982. Ó sọ pé olùdìbò tí kò lè kàwé tàbí kọ̀wé lè mú ẹni tí ó bá wù ú wọlé láti ràn án lọ́wọ́, àfi agbanisíṣẹ́ rẹ̀ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, obìnrin kan láti Íńdíà mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání láti ṣe ògbufọ̀ fún un ní ibùdó ìbò ní káúńtì Williamson. Wọ́n dá ọmọ náà dúró nítorí pé káúńtì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ó ti forúkọ sílẹ̀, òfin Texas sì sọ pé ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdìbò káúńtì kan náà. Ìyá náà ti kú kí ẹjọ́ tó parí, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé òfin Texas yẹn kò lè dí òfin ọdún 1982 lọ́wọ́, àti pé ìrànlọ́wọ́ náà kò mọ sí inú yàrá ìbò nìkan.

Nítorí náà, ìyá àgbà tí ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè, tí Yorùbá nìkan sì yé e dáadáa, lè mú ọmọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò wọlé. Ẹni náà yóò búra níwájú òṣìṣẹ́ ìbò, yóò ka ìwé ìbò fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Yorùbá, yóò sì tẹ ohun tí ìyá bá sọ. Bí ó bá dé ibi tí a kọ kọmíṣánnà sí, yóò ní láti dúró díẹ̀ ṣàlàyé pé kì í ṣe èyí tí gómìnà ń yàn.